Kí ni wọ́n ń pè ní sitcom?

Àǹtí mi kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Mo ní sitcom ni mò ń kọ fún tẹlifíṣàn. Wọ́n ní, "Ṣé o ti wá di Bàbá Sàlá nìyẹn?"

Rárá o. Moses Ọláìyá tí í ṣe Bàbá Sàlá, òun fúnra rẹ̀ ni àwàdà náà. Ẹ ó rí awò ojú gbàǹgbà àti táì ńlá yẹn, ẹ ó sì ti rẹ́rìn-ín kó tó lanu. Èmi, ta ló ń rí ojú mi?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni wọ́n gé lẹ̀ mọ́ra tó di sitcom: ọ̀kan dúró fún ipò téèyàn bá ara rẹ̀, èkejì fún àwàdà. Àwọn èèyàn kan náà, ojú kan náà, wàhálà tuntun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe skit orí fóònù tó ń pa yín lẹ́rìn-ín ní ìṣẹ́jú kan tó sì tán síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé face-me-I-face-you kan ní Mushin ṣe àpẹẹrẹ. Yàrá mẹ́wàá, mítà kan ṣoṣo. Ahun ni bàbá onílé. Ìyá alákàrà iwájú ilé ò lè pa àṣírí mọ́. Túndé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun ń lọ Kánádà, ó sì ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́ta. Owó iná wá dé. Mi ò ní máa wá ẹ̀fẹ̀ kiri o. Ohun tí mo máa bi ara mi ni pé: kí ni ahun ń ṣe tówó iná bá dé? Á ní gílóòbù kan péré lòun ní. Ìyá alákàrà á ní, "Fíríìjì ẹ̀yìn kọ́tìnì yẹn ńkọ́?" Túndé á ní òun ò lè san owó oṣù tí wọn ò ní í bá òun nílé. Ìwà wọn ló ń pani lẹ́rìn-ín.

Ibi tó le ni pé bí eré bá parí, gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ padà síbi tó wà. Ní àwọn ọdún 1980, Ken Saro-Wiwa kọ Basi and Company fún NTA. Ní òpópónà Adetola l'Ékòó, Basi ń lé mílíọ̀nù kiri, Madam onílé sì ń lé Basi kiri fún owó ilé. Bó bá lówó pẹ́nrẹ́n, kí la fẹ́ wò lọ́sẹ̀ kejì?

Ìwà yìí náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀dá inú eré pẹ́ ju òṣèré lọ. Peter Fátómilọ́lá ló ṣe Papa Ajasco nínú fíìmù ọdún 1984, Abíọ́dún Àyọ̀yínká ló wá ṣe é lórí tẹlifíṣàn. Ojú yí padà. Papa Ajasco ò yí padà.

Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, téèyàn bá yọ ìpolówó, nǹkan bí 22 ló kù fún wa. Nítorí náà à ń kọ, à ń gé, à ń tún kọ. Ẹ̀fẹ̀ kan wà tí mo fi òru méjì rò. Ọjọ́ tí a yà á ní Sùúrùlérè, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò gbé e mì.

Àǹtí mi fetí sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Túndé yẹn, ìgbà wo ló wá ń lọ gan-an?"

Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, mà."