Gíà Ọtọmátíìkì Kì Í Ṣàdédé Kú

Àárọ̀ kùtù ni gíà ọtọmátíìkì sábà máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Awakọ̀ á ṣáná sọ́kọ̀, á ki í sí rìfáàsì kó lè jáde nínú ọgbà, ọkọ̀ á sì dúró bí ẹni tó ń ronú. Ó di ìṣẹ́jú àáyá méjì, mẹ́ta, kó tó fò sẹ́yìn: gbì!

Ọ́ìlì ló fà á. Iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣe lórí kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ mánúà, ọ́ìlì ló ń ṣe é níbí: pọ́ǹpù á tì í, á tẹ àwọn pèlébé kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ títí wọn á fi di ara wọn mú. Bí ọ́ìlì bá ti dín, tàbí tí rọ́bà tó ń sé e mọ́ ti gan, agbára yẹn kì í tètè pé. Téèyàn bá gbójú fò ó, pèlébé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa ké lórí òkè, ọkọ̀ ò ní sáré sí i. Yíyọ̀ yẹn ń dá ooru sílẹ̀, ooru ń jó ọ́ìlì, ọ́ìlì tó jó á tún jẹ́ kí pèlébé yọ̀ sí i. Látibẹ̀, kì í pẹ́ mọ́.

Géèjì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fà yọ láti fi wo ọ́ìlì gíà, ló ń sọ òótọ́, bí ọkọ̀ náà bá ní (ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ni kò ní). Kí wọ́n nù ún sára aṣọ funfun. Ọ́ìlì gíà tó dáa sábà máa ń pupa bíi sóbò. Tó bá ti dúdú, tó ń rùn bíi búrẹ́dì tó jóná, pèlébé ti ń jó nìyẹn. Tó bá rí bíi mílíìkì tí wọ́n po sóbò mọ́, omi ti wọ̀ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú rédíétọ̀ ni ọ́ìlì gíà ń gbà kọjá kí ara rẹ̀ lè tutù. Bí ibẹ̀ bá lu, òun àtomi á pàdé. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wíwọ́ ni kí wọ́n wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí ẹnikẹ́ni má wà á.

Ṣùgbọ́n gbogbo "gbì" kọ́ ni gíà. Ẹ́ńjìn síìtì (ìjókòó onírọ́bà tó di ẹ́ńjìnnì mú sára ọkọ̀) tó ti já náà ń dún bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gíà. Kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbọnyin, kó máa yí gíà láti D (iwájú) sí R (rìfáàsì). Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fò sókè bí ẹni fẹ́ jáde, síìtì ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹni tó ń wò ó dúró sí o, kì í ṣe iwájú.