“Fóònù Mi Wà Lápò” Kò Tó fún Ẹni Tó Ń Gun Ọ̀kadà

Ẹ bi àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ pé ta ni ká pè bí nǹkan bá ṣe wọ́n lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ yóò ní, “Fóònù mi wà lápò, wọ́n á fi pe àwọn èèyàn mi.” Èrò tó ń jókòó sẹ́yìn wọn náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Bí ọ̀kadà bá ṣubú, fóònù lè fò jáde lápò, ojú rẹ̀ lè fọ́, ẹlòmíì sì lè ti gbé e lọ kí aláàánú tó dé. Ká ní ó tiẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ti tì í pa. Àwọn kan ní ìka ẹni tó dákú làwọn máa fi ṣí i. Fóònù tó bá kú tó tún tàn kì í gba ìka àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ẹni tó dákú kò sì lè sọ ọ́. Fóònù tọ́ọ̀ṣì tí kò ní títì ńkọ́? “Ìfẹ́ Mi”, “Alákàrà”, “Bọ̀ọ̀dá Ilé-Olújìí” ló kún inú rẹ̀. Èwo ni kí àlejò pè?

Ní 2005, Bob Brotchie, òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí àwọn èèyàn máa kọ ICE (“In Case of Emergency”, ìyẹn “bí pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀”) ṣáájú orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n pè. Ìmọ̀ràn náà dára, àmọ́ ó ti pẹ́ kí gbogbo ènìyàn tó máa ti fóònù pa. Láti Android 7 àti iOS 8 ni èèyàn ti lè kọ nọ́ńbà pàjáwìrì síbi tí ẹlòmíì lè rí i bí fóònù náà tilẹ̀ wà ní títì. Ẹ ṣe é. Síbẹ̀, bí bátìrì bá kú, ó parí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí èèyàn tún kọ nọ́ńbà àwọn tí wọ́n máa pè sínú ìwé kékeré kan, kó fi í sápò.

Ẹ̀rù tún wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan gbà pé ẹni tó kọ irú ìwé yìí sápò ti pe ìjàm̀bá wá bá ara rẹ̀. Mi ò fojú kéré ẹ̀rù yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu wúwo lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń ṣí àkáǹtì ní báńkì, wọ́n bi wá ní orúkọ àti nọ́ńbà mọ̀lẹ́bí, a sì kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní èpè.

Ẹni tó bá ṣubú lọ́nà Oǹdó, nítòsí Ọ̀wẹnà, lè bá ara rẹ̀ nílé ìwòsàn kan ní ìlú Oǹdó, kí ìyàwó rẹ̀ ṣì máa wá a kiri Àkúrẹ́. Abala 20 nínú òfin ètò ìlera ti 2014 kò gbà kí ilé ìwòsàn kọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Àmọ́ mọ̀lẹ́bí ló lè sọ pé ó ní àtọ̀gbẹ, tàbí pé penisílìn kì í bá a lára mu. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti èrò ẹ̀yìn: ọlọ́kadà kò mọ orúkọ rẹ̀, òun náà kò mọ ti ọlọ́kadà.

Páálí kékeré kan tó. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà ẹni méjì àti bí wọ́n ṣe jẹ́ sí yín, kí ọ̀kan máa gbé nítòsí. Ẹ kọ àìsàn tàbí oògùn tó ṣe pàtàkì. Ẹ lè fi irú ẹ̀jẹ̀ yín kún un, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn á tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé o, olè náà lè rí i. Kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, torí òjò Àkúrẹ́ kì í jẹ́ kí bírò pẹ́ lórí ìwé. Àpò aṣọ ni kó wà. Àṣíborí lè yí lọ sínú gọ́tà. Nọ́ńbà 122 ti Road Safety àti 112 ti pàjáwìrì máa mú ìrànwọ́ wá, àmọ́ wọn kò mọ ìyá yín.

Kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀. Nítorí àwọn oníjìbìtì, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbé ìpè nọ́ńbà tí wọn kò mọ̀ mọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gbé e.