Ẹni tó fẹ́ bẹ́ jáde nínú bàálù, kí ló ń fi bẹ́líìtì ṣe?

Bí ìròyìn bá jáde pé bàálù tó ń gbé àwọn tó ń fi páráṣúùtì bẹ́ já lulẹ̀ nígbà tó ń gbéra, ìbéèrè máa ń pọ̀. Díẹ̀ rèé.

Páráṣúùtì wà lẹ́yìn wọn. Kí ló dé tí wọn ò bẹ́?
Bàálù ò tíì ga tó. Páráṣúùtì nílò àyè kó tó ṣí.

Ṣé ìjókòó wà níbẹ̀?
Lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí awakọ̀. Òfin Amẹ́ríkà fàyè gba ìyẹn; kò ní kí wọ́n pa bẹ́líìtì tì.

Kí wá ni iṣẹ́ bẹ́líìtì?
Ẹni tí kò dè é, òun fúnra rẹ̀ ló máa di òkò. Bí bàálù bá kọlu nǹkan, á já lu àwọn tó de tiwọn dáadáa. Bí gbogbo wọn bá sì yọ̀ sẹ́yìn nígbà tí bàálù ń gòkè, imú rẹ̀ lè ga kọjá ààlà, kó má lè fò mọ́. Ní Perris, California, lọ́dún 1992, epo tí nǹkan ti dà mọ́ pa ẹ́ńjìnnì kan lẹ́nu ìgbéra. Èèyàn 16 kú. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti jáwọ́ nínú fífi bẹ́líìtì ṣeré.

Bí wọ́n ṣe dè é tún ṣe pàtàkì. Ara okùn páráṣúùtì níbàdí ni wọ́n ń kì í bọ̀, kì í ṣe okùn àyà. Lẹ́yìn ìjàǹbá Sullivan, Missouri, lọ́dún 2006, tó pa èèyàn 6, àjọ NTSB, tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ pé àìsí ìdè tó lágbára ju èyí tí wọ́n lò lọ wà lára ohun tó fa ìpalára àwọn kan. Ìdè ọ̀tún àti òsì sàn ju ẹyọ kan lọ.

Ìgbà wo ni wọ́n ń tú u?
Níbi púpọ̀, ní nǹkan bí 1,500 ẹsẹ̀ bàtà. Bí páráṣúùtì bá ṣèèṣì ṣí lẹ́nu ilẹ̀kùn, atẹ́gùn á gbé e jáde. Ẹni tí wọ́n ṣì so mọ́lẹ̀ ò ní lè tẹ̀ lé e, bàálù fúnra rẹ̀ sì lè bá a lọ.

Olùkọ́ ló máa so mí mọ́ àyà rẹ̀ ká lè jọ bẹ́. Kí ni kí n ṣe?
Kí ẹ́ńjìnnì tó dún, ẹ béèrè bẹ́líìtì yín, kí ẹ sì dán títú rẹ̀ wò. Bí bàálù bá ń gbé yín padà wálẹ̀, ẹ tún un dè.

Ṣé kí n máa bẹ̀rù bàálù ni?
Ìròyìn NTSB lọ́dún 2008 ka ìjàǹbá irú bàálù yìí 32 láti 1980, èèyàn 172 kú. Ó tún bá àyẹ̀wò àti àtúnṣe bàálù tó mẹ́hẹ wí. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi bẹ́líìtì ṣẹ̀fẹ̀, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì.