Àmútọ̀runwá ni àbí ogbó? Àléébù ilé-iṣẹ́ lára máṣíìnì tí wáráńtì rẹ̀ ti parí

Bí máṣíìnì ọlọ́dún méjì bá ṣàdédé kú sójú ọ̀nà, tí a sì wọ́ ọ padà lọ bá ẹni tó tà á, ohun àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu onísọ́ọ̀bù ni pé, "Ìgbà wo lẹ ti rà á?" Tí ọjọ́ wáráńtì bá ti kọjá, ó parí nìyẹn. Oníbàárà á ká rìsíìtì rẹ̀ sápò, á máa wá owó sípéápáàtì kiri. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí máṣíìnì nìkan ni onísọ́ọ̀bù bi í. Kò bi í pé níbo ni ìbàjẹ́ náà ti wá.

Ìlérí ni wáráńtì. Ẹni tó ń tajà ló fẹnu ara rẹ̀ ṣe é pé títí di ọjọ́ báyìí, tàbí títí tí máṣíìnì yóò fi rin kìlómítà báyìí, èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì, àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlérí lè parí lónìí. Àléébù tó wà nínú irin láti ọjọ́ tí wọ́n ti dà á kò mọ̀ pé ìlérí kankan wà, ká tó wá sọ pé ó mọ̀ pé ó ti parí.

A mọ ohun tí à ń pè ní orúkọ àmútọ̀runwá. Àìná kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìwọ́ kọ́rùn, Dàda kò sì lọ dirun rẹ̀ lọ́dọ̀ onídìrí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá. Àléébù ilé-iṣẹ́ ni àmútọ̀runwá máṣíìnì: ó ti wà lára rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kódà bó jẹ́ pé lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kìlómítà ló tó fojú hàn. Ihò wẹ́wẹ́ tó kù sínú irin ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ń dà á nìyẹn, tí ọ́ìlì wá ń sun láti ara irin gan-an, tí kì í ṣe etí gásíkẹ́ẹ̀tì. Eyín jíà tí iná kò pa dáadáa nìyẹn, tó wá ṣẹ́ bí eyín arúgbó. Wáyà tí wọ́n fi bóòtù tẹ̀ mọ́ férémù lọ́jọ́ tí wọ́n ń to máṣíìnì jọ náà ń bẹ níbẹ̀, tí ara rẹ̀ ń bó díẹ̀díẹ̀ títí iná fi gbé e.

Ogbó yàtọ̀ sí èyí. Táyà, ṣéènì, ṣúù bíréèkì àti pọ́lọ́ọ̀gì, jíjẹ ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹni tí ṣéènì rẹ̀ gbó lẹ́yìn ọdún méjì kò ní ẹjọ́ kankan lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìlòkulò tún yàtọ̀: èèyàn mẹ́ta pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì kan lórí máṣíìnì tí wọ́n ṣe fún ẹni méjì. Ibi tí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pàdé lára ohun kan ṣoṣo.

Àléébù pàápàá pín sí méjì, ìpín náà sì wúlò gan-an. Ká ní ìyá olóúnjẹ se mọ́ínmọ́ín ogójì. Tí òkúta bá wà nínú ẹyọ kan, àṣìṣe ọwọ́ nìyẹn, ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ nìkan ló máa kan eyín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀wà lílọ̀, kò sí èyí tó máa ṣeé jẹ nínú ogójèèjì. Ti máṣíìnì náà rí bẹ́ẹ̀. Àléébù iṣẹ́ ọwọ́ máa ń bá máṣíìnì kan tàbí ìwọ̀nba àwọn tí wọ́n ṣe pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àléébù àwòrán máa ń bá gbogbo irú rẹ̀, torí bí wọ́n ṣe yà á sórí ìwé ni kò dára. Ìdí tí èyí fi wúlò ni pé ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ ti iyọ̀ yóò rí ẹlẹ́rìí púpọ̀ láàárín àwọn tó ń gun irú máṣíìnì rẹ̀. Ẹni tí òkúta bọ́ sí lọ́wọ́ kò ní ẹlẹ́rìí ju òkúta yẹn lọ, ó sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ kan wá láti Georgia ní Amẹ́ríkà, torí mi ò tíì rí èyí tó ṣàlàyé ọ̀ràn yìí tó o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ọkùnrin kan ń gun Suzuki GSX-R1000 ti ọdún 2006. Ó tẹ bíréèkì iwájú, bíréèkì kò mú, ó sì fara pa gan-an. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Suzuki kéde pé kí wọ́n máa kó àwọn GSX-R tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2013 wá, kí àwọn lè pààrọ̀ máàsítà bíréèkì iwájú wọn, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ síbi táyà bí èèyàn bá fa bíréèkì.

Kí ló dé? Písítìnì tó wà nínú máàsítà náà ni kò ní ohun tó yẹ kí wọ́n fi ra á lára kí ó má baà jẹra. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bó bá ti pẹ́ níbẹ̀ láìpààrọ̀, písítìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra, ìjẹra náà á sì máa tú gáàsì jáde. Bí ihò máàsítà ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò jẹ́ kí gáàsì náà ráyè bọ́ sókè. Ọ́ìlì kì í ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n gáàsì ń fún pọ̀ bí fùkẹ̀. Lẹ́nu ìgbà tí ẹni tó ń gùn ún bá fa bíréèkì, gáàsì ló ń fún pọ̀, táyà kò gbọ́ nǹkan kan.

Máṣíìnì tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí nínú wáráńtì mọ́, síbẹ̀ àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 12.5 dọ́là fún un àti ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá máṣíìnì wá sọ pé kí ó máa pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì ní ọdún méjìméjì. Ọdún mẹ́jọ tó fi ní in, kò pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wá fi ìdá 49 nínú 100 ẹ̀bi náà lé òun fúnra rẹ̀ lórí, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú owó náà. Ó bá ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Georgia, wọ́n sì dá a lọ́dún 2020 pé yíyọ ni kí wọ́n yọ ọ́. Lábẹ́ òfin ibẹ̀, tí tirẹ̀ bá wọ ìdá 50, kọ́bọ̀ kò ní kàn án.

Àmútọ̀runwá wà lára máṣíìnì yẹn lóòótọ́. Ẹni tó ni ín ló bá a tọ́ ọ dàgbà.

Fún ìdí èyí, ìgbà tí wáráńtì bá ti tán, ẹni tó rà á ni ẹrù ẹ̀rí sábà máa ń bọ́ sí lórí. Ohun tó sì máa ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù ní ilé wa ni inú rere mẹkáníìkì. Ó tú ẹ́ńjìnnì, ó fi tuntun sí i, ó sì ju èyí tó ṣẹ́ sínú agolo irin tí àwọn tó ń ra irin àlòkù máa kó lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Ẹ gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí ara rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, kí iye kìlómítà tó rìn hàn nínú fọ́tò kan. Ẹ wá mẹkáníìkì kejì tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì ọ́ìlì tí ẹ ti pààrọ̀ jọ. Ẹni tó ń ra ọ́ìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láìgba rìsíìtì ń sọ ẹ̀rí nù lójoojúmọ́.

Ní Nàìjíríà, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tí a mọ̀ sí FCCPA, ti ọdún 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó sì lè pẹ́ dé ìwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu bí a bá lò ó bó ṣe yẹ. Ìyẹn kò sí lára wáráńtì, òfin ló sọ ọ́. Àjọ FCCPC, tó ń bójú tó òfin náà, ló ń gba ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú lẹ́tà tí ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, torí "mo ti pè wọ́n lórí fóònù" kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba ní òfin ọdún 2015 tó sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀: ọdún mẹ́fà ni àyè wà láti pe olùtajà lẹ́jọ́ ní England àti Wales, ọdún márùn-ún ní Scotland. Ṣọ́ọ̀bù tó gbowó ni wọ́n á kojú, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe máṣíìnì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹni tó rà á ló máa fi hàn pé àléébù náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní ẹjọ́ nínú. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń san apá kan owó àtúnṣe nítorí orúkọ wọn, bí máṣíìnì kò bá tíì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn wáráńtì tí ẹni tó ni ín sì ní ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú àánú ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ lọ́yà.

Ìkópadà bíi ti Suzuki yẹn ní tirẹ̀ kò bá wáráńtì tan rárá. Máṣíìnì ló ń tẹ̀ lé, kò tẹ̀ lé ẹni tó ni ín. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni títí di ọdún 15 lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ ta máṣíìnì náà, ojú ìwé NHTSA, àjọ ìjọba ibẹ̀ tó ń bójú tó ààbò ojú ọ̀nà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì máa ń sọ bóyá ìkópadà kankan ṣì kù lára rẹ̀ bí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà ṣaṣí, tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 17, sínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra tokunbọ̀ tó ti ọ̀hún wá lè yẹ̀ ẹ́ wò láti ìdí ìsọ̀ kó tó kówó sílẹ̀. Ọrùn férémù, níbi tí ọwọ́ máṣíìnì ti ń yí, ni wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà náà sí. Ẹ mú àkísà àti tọ́ọ̀ṣì dání, torí ẹrẹ̀ àti gíríìsì máa ń bò ó.