Kí ni pọ́ọ̀jì nínú jíjó páìpù stéńlẹ́ẹ̀sì?

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ stéńlẹ́ẹ̀sì tí àwọn wẹ́dà ń ṣe n'Ílọrin, irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ni, àbí géètì àwọn olówó. Tí wọ́n bá ti jó o tán, tí wọ́n fi díìsìkì pa á lójú tó ń dán gbinrin, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ta ló fẹ́ yọjú wo inú irin àtẹ̀gùn? Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì ní Tánkẹ̀ bá ní kí wọ́n so páìpù fún òun, inú gan-an ni mílíìkì ń gbà kọjá, inú sì lọ̀rọ̀ wà. Pọ́ọ̀jì ni pé kí á fi ágọ́ọ̀nù, gáàsì tí kì í jẹ irin, lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù kí iná tó kàn án, kí gáàsì náà sì wà níbẹ̀ títí irin yóò fi tutù.

Króómíọ̀mù ni kì í jẹ́ kí stéńlẹ́ẹ̀sì dípẹtà. Ó kéré tán, ó máa ń tó ìdá 10.5 nínú 100. Irú tí wọ́n ń pè ní 304, tó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ oúnjẹ, ní nǹkan bíi 18. Òun àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n jọ ń di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo irin, tí ojú ò lè rí. Nígbà tí irin bá tutù, kò séwu. Tó bá ti gbóná dórí yíyọ́, ọ́síjìn yìí kan náà á wá jẹ ẹ́ ní àjẹjù. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n jó á dúdú, á rí gbágungbàgun bí ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ṣúgà ni àwọn wẹ́dà ń pè é. Króómíọ̀mù ti dínkù lábẹ́ èépá yẹn, ibẹ̀ ni ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀. Oníyọ́gọ́ọ̀tì ò tilẹ̀ ní dúró de ìpẹtà kó tó rí wàhálà: mílíìkì á há sínú gbágungbàgun náà, kòkòrò àìfojúrí á fi ṣelé, ọṣẹ ìfọpáìpù ò sì ní bá wọn débẹ̀.

Gáàsì tó ń jáde lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì TIG, ìyẹn irinṣẹ́ tí wẹ́dà fi ń jó o, ńkọ́? Ojú ìta nìkan ló ń bò.

Fóòmù tàbí téèpù ni wọ́n fi ń dí ẹnu páìpù méjèèjì, wọ́n á wá fi ihò kékeré sílẹ̀ fún gáàsì láti wọlé àti fún afẹ́fẹ́ láti jáde. Tí páìpù bá gùn, ìtòsí ojú ìsopọ̀ ni kí ẹ ti dí i nínú, ágọ́ọ̀nù ò kúkú pọ́ọ́kú. Bébà kan tilẹ̀ wà fún un tó ń yòrò sínú omi lẹ́yìn iṣẹ́. Ágọ́ọ̀nù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà tí páìpù bá wà lóòró, ìsàlẹ̀ ni kó gbà wọlé, kí afẹ́fẹ́ bá òkè jáde. Kó máa lọ jẹ́jẹ́, bíi lítà 5 sí 10 ní ìṣẹ́jú kan fún páìpù kékeré. Ẹni tó bá ṣí i gbuurugbu, ńṣe ló ń po gáàsì mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ má sì dí ihò ìjáde o! Bí gáàsì ò bá ríbi gbà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa ojú ìsopọ̀ dé, á ti irin yíyọ́ sí yín lójú.

Mítà wà tó ń wọn ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nínú páìpù. Nínú iṣẹ́ oúnjẹ, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó wálẹ̀ sí 50 nínú mílíọ̀nù kan, tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ pàápàá. Wẹ́dà tí kò ní mítà lè jó èékù páìpù kan, kó là á sí méjì níwájú ẹni tó gbéṣẹ́ fún un. Bí inú bá funfun, tàbí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi wúrà, ó dáa. Tó bá jẹ́ búlúù, ẹ fura sí i. Àwọ̀ eérú tàbí dúdú, kó tún un jó. Èmi ò ní sanwó kí n tó rí èyí.

Ágọ́ọ̀nù ò ní òórùn, ìsàlẹ̀ ló sì máa ń rọ̀gún sí. Ẹni tó bá fẹ́ ki orí bọ táǹkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́ọ̀jì, kó kọ́kọ́ fi fáànù fẹ́ inú rẹ̀ dáadáa. Èèyàn lè dákú síbẹ̀ kó tó mọ̀ pé atẹ́gùn ò sí.