Àdán Ló Ń Gbin Ìrókò

Bí oòrùn bá ń wọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ ó rí ohun kan tó ń gbéra lórí igi bí èéfín. Àdán ni. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti dorí kodò, tí ariwo wọn kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ra. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tú lọ wá oúnjẹ. Àwọn òbí tó wá wo ọmọ wọn a máa bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ ò lé àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ?" Iṣẹ́ igi igbó ni mo kọ́, ìbéèrè ni mo sì fi máa ń dá wọn lóhùn: ṣé ilẹ̀kùn ìrókò wà nílé yín?

Akọ ìrókò wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀. Abo nìkan ló ń so, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó akọ wá bá a. Èso rẹ̀ gùn bí ìka ọwọ́, ó rọ̀, hóró wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀. Èyí tó bá já sábẹ́ ìyá rẹ̀ kò rí ayé gbé, nítorí ìrókò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, òjìji ìyá rẹ̀ ni yóò pa á. Àdán ló ń yọ ọ́ nínú ewu yìí. Yóò jẹ èso náà lóru, yóò fò gba orí oko àti odò kọjá, yóò sì yàgbẹ́ síbi tó jìnnà. Mo ti fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tú ìgbẹ́ àdán lórí ewé kókò rí, mo bá hóró ìrókò nínú rẹ̀, ó mọ́ bí ẹni pé ẹnì kan fọ̀ ọ́.

Ẹnì kan lè ní, ó dáa, ẹ jẹ́ ká kó hóró náà jọ, ká dá oko ìrókò fúnra wa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbìyànjú ẹ̀ ní Nàìjíríà àti ní Gánà. Kòkòrò tíńtín kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma. Ara ewé ìrókò tuntun ló ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ á wọnú ewé, ewé á wú, á di kókó roboto. Bí kókó náà bá bẹ́, orí èhù á rà, á sì gbẹ. A máa ń sọ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kékeré náà ni kòkòrò yìí ti ń pa á. Mo gbin ìlà mẹ́ta síta gbangba lọ́dún kan. Kí òjò tó dá, kókó ti bo gbogbo rẹ̀. Àwọn tó hù fúnra wọn láàárín igi mìíràn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ń dàgbà lọ. Níbi tí igi kò bá ti jọ ara wọn, kòkòrò kì í tètè rí èyí tó ń wá, èèrà, aláǹtakùn àti agbọ́n wẹ́wẹ́ tó ń pa á sì wà níbẹ̀.

Ohun tí àwa olùkọ́ ń sọ nìyẹn nígbà tá a bá ní kí onírúurú ẹ̀dá má run. Ọmọ kan péré ni àdán ń bí lọ́dún. Ẹni tó yìnbọn sórí igi tí wọ́n sùn sí ti gba ìrókò lọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ni pé àdán ń gbé àrùn: ní 1956, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan tó bá ti dìgbòlugi tan lára àdán l'Ékòó. Nítorí náà, ẹ má ṣe fọwọ́ lásán gbé èyí tó bá jábọ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lórí igi.

Kí wá ni ti yunifásítì níbẹ̀? Ó ní ilẹ̀, ó sì lè máa wo ohun kan fún ọgọ́ta ọdún láìjẹ́ pé ẹnì kan ń béèrè èrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1958, John Elgood, tó ń kọ́ni nípa ẹranko ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn, kọ̀wé nípa ẹyẹ dúdú olórí pupa kan tí kò tíì sí nínú ìwé kankan (àwọn ọdẹ wa á ti rí i tipẹ́), ó sì fi orúkọ Ìbàdàn pè é: Malimbus ibadanensis. Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, ó sì ti ń lọ sí ìparun. Ní Ìbàdàn àti ní Ifẹ̀, ewé gbígbẹ wà nípamọ́ tí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti já a sí i lára. Òmíràn nínú ibi tí wọ́n ti já wọn, ilé ló wà níbẹ̀ báyìí.

Síbẹ̀, inú mi kì í dùn. Mo ti jókòó nípàdé tí wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ká gé igbó inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ nítorí ṣọ́ọ̀bù, a sì ń kọ́ àwọn ọmọ nípa igbó ní kíláàsì lẹ́yìn ògiri. Igbó tiwa ló yẹ ká kọ́kọ́ dáàbò bò. Ó sì yẹ ká pe ìyá ẹlẹ́wé ọmọ wá sí kíláàsì, ká sanwó fún wọn bí a ti ń sanwó fún olùkọ́, nítorí orúkọ igi tí wọ́n mọ̀ pọ̀ ju ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fẹ́ gboyè lọ.

Bí abo ìrókò bá wà lóko yín, kẹ́ ẹ tó pe agégi, ẹ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìmọ̀ igbó ní yunifásítì tó sún mọ́ yín, kí wọ́n wá kó nínú èso rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ibi tó wà sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ń ro abẹ́ kòkó, tẹ́ ẹ rí èhù ìrókò, ẹ fi igi mẹ́ta yí i ká, kí àdá má bàa ṣì í ṣán.