Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Tún Tónà Rọ

Ẹ gbé kátíríìjì tónà, ìyẹn àpótí ike tí ìyẹ̀fun ìtẹ̀wé ń wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé ó ti tán sọ́wọ́, kí ẹ mì ín díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Nǹkan ṣì ń dún ṣàà nínú rẹ̀. Ike ara rẹ̀ ò là, irin inú rẹ̀ ò dípẹtà, dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, ọ̀pá róbótó tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sára bébà, ṣì ń dán bíi dígí. Ìyẹ̀fun dúdú tí à ń pè ní tónà ló tán. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títún tónà rọ, ohun tí wọ́n rí nìyẹn: wọ́n ní kí wọ́n lọ sin òkú, wọ́n débẹ̀, wọ́n bá a tó ń mí.

Àwọn kan rò pé ọgbọ́n àyínìke ni iṣẹ́ yìí, pé ẹni tí kò fẹ́ náwó ló dá a sílẹ̀ láti fi rẹ́ ẹ̀rọ jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dída ìyẹ̀fun sínú ẹ̀rọ ti wà tipẹ́tipẹ́ kí kátíríìjì tó dáyé. Kátíríìjì ni àlejò tó dé bá a.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1938, Chester Carlson àti Otto Kornei wà nínú yàrá kékeré kan ní Astoria, ní New York. Iṣẹ́ páténtì ni Carlson ń ṣe, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba máa ń fún ẹni tó bá dá nǹkan tuntun sílẹ̀, ẹ̀dà ìwé kì í sì í tó wọn lò. Kornei mú àwo síńkì tí wọ́n fi imí-ọjọ́ bò, ó fi aṣọ nù ún gírígírí nínú òkùnkùn, kí irú agbára iná tó máa ń mú irun dìde nígbà tí a bá fi kóòmù ike ya á lè dúró lára rẹ̀. Ó kọ "10.-22.-38 ASTORIA." sára dígí pẹlẹbẹ kan, ó gbé dígí náà lé àwo yẹn, wọ́n sì tan iná tó mọ́lẹ̀ gan-an sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé dígí kúrò, wọ́n wọ́n lycopodium, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń rí lára ewéko kan, sórí àwo náà, wọ́n sì fẹnu fẹ́ ẹ fùú. Èyí tó kù lára àwo ni ọ̀rọ̀ tí Kornei kọ. Wọ́n tẹ bébà tí wọ́n fi ìda pa mọ́ ọn, wọ́n mú un gbóná, ọ̀rọ̀ náà sì ṣí kúrò lára àwo, ó bọ́ sára bébà.

Ìyẹ̀fun ewéko yẹn ni baba ńlá tónà. Ilé iṣẹ́ tó lé ní ogún ni Carlson gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá tí wọn kò kà á sí. Ilé ìwádìí Battelle ló gbà á ní 1944, lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Haloid náà dá sí i, Haloid yìí ló sì padà di Xerox. Ní 1959, wọ́n gbé ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì Xerox 914 jáde, àgbà ẹ̀rọ tó wúwo tó nǹkan bí 290 kílò. Bí tónà rẹ̀ bá tán, ẹni tó ń mójú tó o á ṣí i, á da òmíràn sí i. Bí ohun tó bàjẹ́ bá ju ìyẹn lọ, wọ́n á ránṣẹ́ pe oníṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í gbé apá kan ẹ̀rọ sọ nù nítorí pé ìyẹ̀fun tán.

Ilé iṣẹ́ Canon ti Japan ló yí i padà. Wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo lè ní nínú ọ́fíìsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní oníṣẹ́ tí yóò máa wá bá a fọ dúrọ́ọ̀mù tàbí pààrọ̀ rólà. Wọ́n wá kó gbogbo ohun tó máa ń gbó tàbí tó máa ń dọ̀tí pọ̀ sínú àpótí ike kan: ilé tónà, dúrọ́ọ̀mù, rólà, bíléèdì rọ́bà tó ń fá ìdọ̀tí, àti ilé tí ìdọ̀tí náà ń wọ̀. Bí tónà bá tán, kí onítọ̀hún fa gbogbo rẹ̀ yọ, kí ó ti tuntun bọ̀ ọ́. Ní 1982 ni èyí jáde nínú ẹ̀rọ PC-10 àti PC-20. Ọgbọ́n gidi ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Àwọn tí kò lè ní irú ẹ̀rọ yìí tẹ́lẹ̀ wá lè ní in. Àmọ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n so ohun tó máa ń tán kíákíá mọ́ ohun tó máa ń pẹ́, tí wọ́n sì ní kí àwọn méjèèjì jọ kú lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tí Canon ṣe fún fọ́tòkọ́pì, òun náà ló ṣe fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onílésà. Gary Starkweather ti Xerox ló ti kọ́kọ́ fi lésà tẹ̀wé ní ìparí àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńláńlá ni irú rẹ̀ wà fún. Canon ṣe èyí tó kéré, wọ́n pè é ní LBP-CX, òun ló sì wà nínú HP LaserJet tó jáde ní 1984 ní iye owó dọ́là 3,495, àti nínú LaserWriter ti Apple ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ló ń lo kátíríìjì kan náà. Torí náà, nígbà tí ẹ̀rọ náà wọ ọ́fíìsì káàkiri, kátíríìjì òfìfo bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú agbọ̀n ìdọ̀tí, oríṣi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ṣí ọ̀kan, ó ti mọ gbogbo wọn.

Bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń lọ sópin, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà àti fọ́tòkọ́pì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wò. Ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà le díẹ̀. Wọ́n á mú irin gbígbóná tí àwọn atúnrédíòṣe fi ń yọ́ òjé, wọ́n á fi lu ihò kan sára ilé tónà àti òmíràn sára ilé ìdọ̀tí. Wọ́n á gbọn ìdọ̀tí dànù, wọ́n á fi àrọ da tónà tuntun sí i, wọ́n á sì fi téèpù tàbí ìdérí lẹ ojú ihò méjèèjì pa. Ó ṣiṣẹ́. Ìwé jáde, ó dúdú, iye tí wọ́n ná sí i kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tuntun.

Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe wí, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nígbà tí ihò kò bá dí dáadáa, tónà á fọ́n sínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá tún un rọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ojú dúrọ́ọ̀mù á họ, ìlà dúdú á máa sáré láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé. Àwọn mìíràn ń da ìdọ̀tí inú ilé kejì padà sínú ilé tónà, wọ́n rò pé tónà náà ni. Tónà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku bébà ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ojú ìwé á sì máa pọ́n eérú. Orúkọ búburú tí iṣẹ́ yìí ní, tí kò tíì kúrò lára rẹ̀ pátápátá, àsìkò yẹn ló ti wá.

Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa ihò lílu tì, wọ́n wá ń fa pínnì ẹ̀gbẹ́ kátíríìjì yọ kí ó lè pín sí méjì láì fọ́. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí nìyí, nítorí ibẹ̀ ni ó ti di iṣẹ́ ọwọ́ gidi. Ẹ wo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe: ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe lẹ́yìn tó bá yọ dúrọ́ọ̀mù ni kí ó fi bébà dúdú wé e, torí pé ìmọ́lẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù fi ń gba ọ̀rọ̀, ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù sì ń bà á jẹ́. Á fi ẹ̀rọ tí asẹ́ rẹ̀ lè gba eruku tónà fa ilé méjèèjì mọ́. Á yẹ etí bíléèdì rọ́bà wò láti ìkángun dé ìkángun, bó bá ní kòmọ́kòmọ́ kan péré, á pààrọ̀ rẹ̀. Á pa ìyẹ̀fun tó ń mú ojú nǹkan yọ̀ sí i lẹ́nu fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó má baà wọ́ dúrọ́ọ̀mù nígbà tó bá kọ́kọ́ yí. Bó bá parí, omi tútù ló fi ń fọ ọwọ́, torí pé ike tó kúnná pọ̀ nínú tónà. Omi gbígbóná á rọ̀ ọ́, á sì lẹ̀ mọ́ni lára.

Tónà náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Tónà kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń gba iná sára àti ìwọ̀n ooru tó fi ń yọ́. Ẹ da ti ẹ̀rọ kan sínú òmíràn, ìwé lè jáde kó sì rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ẹ fi àtàǹpàkò fà á, lẹ́tà á ṣí tẹ̀ lé e bí èéfín ìdí ìkòkò. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta tónà, dúrọ́ọ̀mù àti bíléèdì fún àwọn atúnrọ ló tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní tónà tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Static Control, ní Sanford, ìpínlẹ̀ North Carolina, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ò dákẹ́. Canon bẹ̀rẹ̀ sí í gba kátíríìjì òfìfo padà ní 1990, HP ní 1991. Iṣẹ́ rere ni, àmọ́ gbígbà padà láti yọ́ ike yàtọ̀ sí gbígbà padà láti tún rọ: èkíní ń fọ́ ohun tó ṣì dára kí ó tó lò ó, èkejì ń lò ó bó ṣe wà.

Lexmark, tí òun náà ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń ta kátíríìjì ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá gbà pé ẹ̀ẹ̀kan ni òun máa lò ó, pé àwọn nìkan ni òun sì máa dá a padà fún. Nígbà tó yá, wọ́n fi chip sí i, ìyẹn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kékeré kan. Chip á kí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á dá a lóhùn. Bí ìkíni náà kò bá pé, ẹ̀rọ kò ní tẹ lẹ́tà kan. Static Control ṣe chip tó mọ ìkíni náà, Lexmark sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní ìparí 2002, lábẹ́ òfin ọdún 1998 tó ń dáàbò bo irú nǹkan bí orin, fíìmù àti ètò kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn tó ń já àgádágodo rẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n torí ẹ̀ jà, báìtì 37 ni ọ̀kan, èkejì jẹ́ 55; báìtì ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí ètò kọ̀ǹpútà ṣe tóbi tó. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ nínú ìdájọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2004 pé orúkọ ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ gba àyè ju èyíkéyìí nínú ètò méjèèjì lọ. Adájọ́ Jeffrey Sutton fi ilé ṣe àpẹẹrẹ: bí o bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí ilẹ̀kùn iwájú kò ní àgádágodo, o ò lè ní o ti ilé pa. Wọ́n yí àṣẹ tó ti dá Static Control dúró padà.

Ní Japan, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2007, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ gbè lẹ́yìn Canon lórí àpò íńkì tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì tún rọ.

Ìdájọ́ tó tóbi jù dé ní 2017. Lexmark ti gbé ilé iṣẹ́ kékeré kan lọ sílé ẹjọ́, ìyẹn Impression Products ní Charleston, ìpínlẹ̀ West Virginia, pé wọ́n ń tún kátíríìjì tó ní páténtì rọ, wọ́n sì ń tà á. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà sọ pé ọjọ́ tí Lexmark ti ta kátíríìjì náà ni agbára páténtì rẹ̀ lórí rẹ̀ ti pin, àdéhùn yòówù kó ti bá ẹni tó rà á ṣe. Adájọ́ àgbà John Roberts ní kí a ronú nípa ṣọ́ọ̀bù tó ń tún ọkọ̀ àlòkù ṣe tó sì ń tà á: ta ni yóò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí gbogbo ilé iṣẹ́ tó ṣe apá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá lè tẹ̀ lé e lọ sílé ẹjọ́?

Kí ìdájọ́ yẹn tó jáde, agbo ilé ti yí padà. Zhuhai ní Ṣáínà ti di ojúkò iṣẹ́ kátíríìjì àtúnrọ àti àtúnṣe fún gbogbo ayé. Ilé iṣẹ́ ibẹ̀ kan, tí à ń pè ní Ninestar báyìí, ra Static Control ní 2015; ní 2016, òun àti àwọn alájọṣe rẹ̀ tún ra Lexmark. Olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ di ọmọ bàbá kan náà. Ní 2025, Xerox, tó gbé iṣẹ́ Carlson dé ọjà, ló wá ra Lexmark.

Kí ọdún 2019 tó parí, HP ti ń ta ẹ̀rọ onílésà kan tó ń jẹ́ Neverstop. Kò sí kátíríìjì láti yọ nígbà tí tónà bá tán. Ihò wà lára ẹ̀rọ náà, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó ni ín á mú ike gbọọrọ tó rí bí abẹ́rẹ́ dókítà, á ti ẹnu rẹ̀ bọ ihò yẹn, á yí i títí yóò fi wọnú dáadáa, á sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí tónà tó wà nínú rẹ̀ á fi wọlé tán.